Nígbà tí Ilé Kò Jẹ́ Àbọ̀ Ìsinmi

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òwe yìí dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì ni pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lọ sí oko, tàbí sí ọjà òkèèrè, tàbí sí ojú ogun, tí ọkàn rẹ̀ kì í fà sí ilé baba rẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì dé, a ó jáde lọ pàdé rẹ̀, a ó kí i kú ewu, a ó pa ẹran, a ó lu ìlù, a ó sì mú un wá sí ilé Ọlọ́run láti dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, olúkúlùkù a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa kì í sábà bèèrè: nígbà tí ìlù ti dákẹ́ tí àwọn àlejò sì ti túká, báwo ni ẹni tí a kí káàbọ̀ náà ti sùn ní òru? Bí ilé kò bá sì jẹ́ àbọ̀ ìsinmi fún un mọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó dá, tàbí àìgbàgbọ́ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu?

Ohun tí ó gbé ìbéèrè yìí wá síwájú wa kì í ṣe ìwé ìwàásù, bí kò ṣe ìwé ìtàn àròsọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa ti ka ìwé náà tán, ó sì wá bá wa pẹ̀lú ojú tí ó fà ro. Ó ní, "Bàbá, ọkùnrin yìí ṣe iṣẹ́ tí a rán an, ó sì dé ilé láàyè. Kí ni ó dé tí kò lè jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó máa jẹun?" Ẹ̀rín ni a fi dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwa fúnra wa ka ìwé náà, ẹ̀rín wa di ìrònú.

Orúkọ ìwé náà ni The Lord of the Rings. J. R. R. Tolkien, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Apá méjì rẹ̀ jáde ní ọdún 1954, apá kẹta sì jáde ní ọdún 1955. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí D. O. Fagunwa kọ tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, kì yóò ṣe àjèjì nínú rẹ̀, nítorí pé ìrìn àjò eléwu àti àwọn ẹ̀dá abàmì ni ó kún inú ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú yàrá nìkan ni Tolkien ti gbọ́ nípa ogun. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ìjà Somme, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1916. Àìsàn ibà ni ó mú kí a dá a padà sí ilé ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwé kan sì kú sí ogun náà láàrin ọdún kan náà. Nítorí náà, bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá sọ fún wa pé akọni kan dé ilé tí kò sì rí ìsinmi, ó yẹ kí a fi etí sílẹ̀.

Ìtàn náà, ní kúkúrú, nìyí. Ní ilẹ̀ kan tí a ń pè ní Shire, ẹ̀yà ènìyàn kúkúrú kan ń gbé tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hobbit, àwọn tí ó fẹ́ràn oúnjẹ, ọgbà àti ìtàkúrọ̀sọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Frodo. Òrùka kan bọ́ sí i lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Bilbo, ìbátan rẹ̀ àgbàlagbà tí ó gbà á ṣe ọmọ. Òrùka burúkú ni. Ọba òkùnkùn ni ó rọ ọ́ láti fi jẹ gàba lórí gbogbo ayé, agbára rẹ̀ a sì máa wọ inú ẹni tí ó bá ń gbé e kiri, títí ọkàn onítọ̀hún yóò fi so mọ́ ọn. Kò sí ohun tí ó lè pa á run bí kò ṣe iná inú òkè kan ní ilẹ̀ ọ̀tá náà gan-an. Frodo, ẹni àádọ́ta ọdún, tí kì í ṣe jagunjagun, gbà láti gbé e lọ. Oṣù mẹ́fà ni ó fi rìn. A fi ọ̀bẹ olóró gún un ní èjìká. Aláǹtakùn ńlá kan ta á ní ọrùn. Ebi, òùngbẹ àti ìwúwo òrùka náà sì sọ ọ́ di aláìlágbára, tó bẹ́ẹ̀ tí Sam, ìránṣẹ́ rẹ̀ olóòótọ́, fi pọ̀n ọ́n sí ẹ̀hìn gun òkè náà.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orí òkè. Nígbà tí Frodo dé etí iná, kò lè sọ òrùka náà sínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ ti tán. Ó kéde pé tòun ni, ó sì fi í sí ìka. Gollum ni ó fò mọ́ ọn, òtòṣì ẹ̀dá kan tí ó ti ní òrùka náà rí ní àtijọ́ tí ó sì ti bà á jẹ́ pátápátá. Ó fi eyín gé ìka náà pẹ̀lú òrùka, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì ṣubú sínú iná. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ayé là. Kì í ṣe ọwọ́ Frodo ni ó parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé Frodo ti ní ààyè láti pa Gollum ṣáájú ìgbà náà, ó sì ní ìdí púpọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ni ó mú kí ó dá a sí.

Nígbà tí ó padà dé Shire, àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ṣe fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ rìn, tí wọ́n fi idà lé àwọn ọlọ́ṣà kúrò ní ìlú, ni wọ́n ń yìn. Frodo kò fẹ́ fi ọwọ́ kan idà mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí a gún un ní ọ̀bẹ, àìsàn a dé sí i. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí aláǹtakùn ta á, a tún dùbúlẹ̀. Ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún Sam, ẹni tí ó ti gbé ìyàwó. Kò tó ọdún méjì tí ó dé ni ó fi ilé àti ohun ìní rẹ̀ fún Sam, tí òun àti Bilbo arúgbó sì bá àwọn Elf, ẹ̀yà tí ọjọ́ ogbó kì í pa, wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn, ní ìkọjá òkun. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ọdún 1963, Tolkien kọ lẹ́tà kan sí ẹnìkan tí ó ka ìwé rẹ̀, ó sì ṣe àlàyé pé Frodo kò lọ sí ibẹ̀ láti di ẹni tí kì í kú. Ó lọ kí a lè wò ó sàn, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó tó kú. Ó ní kì í ṣe ìrántí ohun ẹ̀rù nìkan ni ó ń dà á láàmú, bí kò ṣe pé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó kùnà. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ̀yin ará. Oníṣègùn lè di egbò èjìká. Ta ni yóò wo ìdájọ́ tí ènìyàn ti dá fún ara rẹ̀ sàn?

Ìwé náà kò sọ bí Frodo ti lo ọjọ́ rẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wò ó, kì í ṣe láti fi kún ìtàn onítàn, bí kò ṣe kí a lè mọ ohun tí ìwòsàn jẹ́.

Àwa gbà pé ohun tí ó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dìde ròyìn iṣẹ́ ńlá rẹ̀. A fi í sílẹ̀ kí ó sùn. Ó ń jí, ó ń jẹun díẹ̀, ó ń rìn ní etí òkun, ó sì tún ń sùn. Nígbà tí ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá dé, èjìká náà tún ń dùn ún, nítorí pé egbò kì í wo ibi tí ènìyàn wà kí ó tó ta á. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yìí kò fi pamọ́. Bilbo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, arúgbó tí òun náà ti gbé òrùka yẹn rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò sì bèèrè àlàyé. Àwọn méjèèjì a jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ẹrù kan ti bó ní èjìká mọ bí a ṣe ń jókòó ti ẹni tí ẹrù kan náà bó.

Lẹ́hìn èyí, àwa gbà pé ọjọ́ kan dé tí ó sọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ jáde, pé, "Èmi kò sọ ọ́ nù. Èmi ni mo sọ pé tèmi ni." Gandalf, ọlọ́gbọ́n àgbà tí ó bá wọn wọ ọkọ̀, ni a rò pé ó sọ ọ́ fún. Kò sì dàbí ẹni pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ yóò dá a lóhùn pé, "Rárá, ìwọ kò kùnà." Ìtùnú èké a máa bo egbò mọ́lẹ̀, kì í wò ó sàn. Àwa rò pé ohun tí yóò sọ ni pé: "Lóòótọ́ ni, ọwọ́ rẹ kò sọ ọ́ sínú iná. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé e dé ibẹ̀? Bí ìwọ bá ti pa Gollum ní ọjọ́ tí ojú rẹ kọ́kọ́ tó o, ta ni ìbá wà ní etí iná náà nígbà tí agbára rẹ tán?" Ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní. Ohun tí ó kù kọjá agbára ẹlẹ́ran ara; oore-ọ̀fẹ́ ni ó ṣe é, ọ̀nà tí àánú Frodo ti là sílẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́ náà sì gbà wọlé. Ó ti ṣàánú fún Gollum. Ó ti ṣàánú fún àwọn tí ó ba ìlú rẹ̀ jẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù tí kò tíì ṣàánú fún, òun tìkára rẹ̀.

Kò rọrùn, kò sì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. A rò pé àwọn ọdún kan wà tí ó sunkún nítorí òrùka burúkú náà, nítorí ènìyàn lè ṣọ̀fọ̀ ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bilbo kú ṣáájú rẹ̀, ní ogbó, Frodo sì rí i pé ikú lè wá gẹ́gẹ́ bí oorun ti í wá bá òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ọjọ́ 13 oṣù kẹta dé, ó sì lọ, kò sì rántí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìka rẹ̀ kò hù padà. Ojú àpá kò jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n àpá kì í ṣe egbò.

A gbọ́ nínú ìtàn náà pé Sam pẹ̀lú, nígbà tí ó di arúgbó tí aya rẹ̀ sì ti kú, wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ náà. Bí ó bá bá Frodo láàyè, àwa rò pé ìbéèrè kan ni yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde: "Ọ̀gá mi, ṣé ó ti san?" Frodo yóò sì na ọwọ́ oníka mẹ́rin náà sí i láìfi pamọ́, yóò ní, "Ó ti san tó." Lẹ́hìn náà ni yóò fi ara rẹ̀ lé Ẹlẹ́dàá rẹ̀ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ ní àṣálẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣé kì í ṣe pé ó sá fún ojúṣe rẹ̀ ni? Kí ni kò fi ìgbàgbọ́ àti ọpẹ́ dúró sí ilé?" Ìwé Mímọ́ dá wa lóhùn. Lẹ́hìn ìṣẹ́gun orí òkè Kámẹ́lì, Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi ní ijù, ó sì bèèrè ikú. Angẹli tí a rán sí i kò bá a wí, kò sì ní kí ó kọrin. Àkàrà àti omi ni ó gbé fún un, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kí a tó bá a sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Jákọ́bù gba ìbùkún, ó sì ń tiro lọ. Olúwa wa pàápàá, nígbà tí ó jí dìde nínú ògo, fi ojú ìṣó ọwọ́ rẹ̀ han Tọ́másì. Kò fi aṣọ bò ó. Ìṣẹ́gun àti ìwòsàn, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Akọni ni ó ṣe èkínní fún wa. Èkejì jẹ́ gbèsè tí àwa jẹ akọni.

Àwa kò wí èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́hìn, òṣìṣẹ́ ìjọ kan fẹ̀hìntì sí àárín wa. Ní ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, ìjà ìgboro kan ṣẹlẹ̀ rí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ilé ìsìn fún àwọn tí ń sá àsálà. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ipasẹ̀ rẹ̀ yè. A kọ ìwé ìyìn fún un, a sì fún un ní aago ara ògiri. Síbẹ̀ ìjókòó ẹ̀hìn ni ó ń jókòó sí, kì í sì í sún mọ́ tábìlì Olúwa. A lọ bá a ní ilé, a ní kí ó dúpẹ́, kí ó má ṣe ronú mọ́. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin ń rí àwọn tí mo ṣí ilẹ̀kùn fún. Ẹnìkan wà tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n ṣí i fún, òun ni ó ń kan ilẹ̀kùn mi ní òru." Kí ni àwa ṣe? Orin ìyìn ni a dá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ba wa lẹ́rù. Kò pẹ́ tí ó kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, àwa sì ń wí láàrin ara wa pé ó ti kọ ìjọ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó kú sí. Ó wá bá wa pẹ̀lú egbò, a fi ìlù dá a lóhùn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin nì bá ti mú ìwé rẹ̀ wá ṣáájú ìgbà náà, bóyá àwa ìbá ti mọ̀ pé kí a jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n jà ní Bọ́mà ní ọdún 1944 àti 1945. A mọ̀ pé wọ́n ṣẹ́gun; mélòó nínú wa ni ó bèèrè bí wọ́n ti ń sùn?

Ẹnìkan yóò sì tún wí pé, "Frodo rí ọkọ̀ wọ̀, ta ni yóò wa ọkọ̀ fún tiwa?" Ìbéèrè rere ni. Ní ọdún 1954 kan náà tí ìwé Tolkien bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Kàkà kí a ti àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn mọ́lé nìkan, a fi wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú oníṣègùn ní ọ̀sán. Ẹ rí i pé ọkọ̀ náà lè jẹ́ abúlé. Ó lè jẹ́ ìjọ pẹ̀lú, bí ìjọ bá fẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹnìkan bá ti inú ìpọ́njú dé, kí a má ṣe fi ipá mú un jẹ́rìí ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́. Bí ó bá fẹ́ fi ipò sílẹ̀, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ẹ̀gàn. Bí ó bá sọ àṣìṣe rẹ̀ fún wa, kí a má ṣe sẹ́ ẹ, kí a má sì ṣe yára kọrin. Kí a gbọ́ ọ títí dé òpin, kí a sì gbé gbogbo ìyókù ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àìsàn ọkàn bá le, kí a bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí a sì dúró dè é. Ìwọ tí o sì ń ka ìwé yìí, tí ilé kò jẹ́ àbọ̀ ìsinmi fún ọ, má ṣe rò pé Ọlọ́run bínú sí ọ nítorí pé o kò lè jó. Ẹni tí ó jẹ́ kí Èlíjà sùn kò ní kánjú jí ọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin nì tún wá bá wa ní oṣù tí ó kọjá láti gba ìwé rẹ̀. Àwa sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ti rí ìdáhùn: Frodo kò lè jókòó sí ilé nítorí pé gbogbo ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí. Kí Olúwa tí ó mú àpá rẹ̀ wọ inú ògo lọ kọ́ wa láti tọ́jú àwọn tí ó gba ọgbẹ́ nítorí wa. Àmín.